Bíréèkì Ni Mo Kọ́kọ́ Rà

Ọdún méjìlélógún ni Mọ́sítáàngì bàbá mi fi jókòó
sábẹ́ igi máńgòrò nílé wa l'Ókè-Àdó.
Adìyẹ yé sórí síìtì ẹ̀yìn, ó pamọ níbẹ̀,
àwọn ọmọ dàgbà, àwọn náà padà wá yé.
Ilẹ̀ ọkọ̀ dógùn-ún, ó lu,
koríko yọrí níbi tó yẹ kí n gbẹ́sẹ̀ lé.
Ṣùgbọ́n ẹṣin kékeré tó wà lójú gíríìlì
kò dẹ́kun eré. Kò mọ̀ pé a ti dúró.

Owó ìfẹ̀yìntì mi jáde lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ.
Mo pe Lásísì láti Sáńyò. Ó yí ọkọ̀ po, kò sọ̀rọ̀.
Ó ki ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi: tó bá jí,
kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe?"

Mi ò lésì. Mo gbé ìbéèrè náà lọ sí Gate.

L'Áràròmí, ẹ́ńjìnnì tò sórí táyà,
epo dúdú ń kán lábẹ́ wọn bí ikun nímú ọmọdé.
Ọlánlókun ló ń ta tòkunbọ̀ níbẹ̀ (orúkọ ń ro ọmọ).
Ó fi àkísà nu ọ̀kan fún mi: púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ,
kò ní kabúrétọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un mu.
"Irinwó ẹṣin ló wà nínú èyí, bàbá mi. Irinwó!"
Kí n má purọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu mi.
Mo ti ń gbọ́ bí yóò ṣe máa ké gòkè Mọ́kọ́lá.
Àmọ́ irinwó ẹṣin, ta ni yóò máa já koríko fún wọn
ní iye tí wọ́n ń ta jálá epo báyìí?
Jíà ń kọ́? Ti àtijọ́ yóò ya bí ìwé.
Rédíétọ̀ ń kọ́? Yóò hó bí ìkòkò ẹ̀wà.
Ohun kan ń fa èkejì lọ́wọ́
bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá títì.
Ọmọ mi Mojírayọ̀ pè láti Ìlọrin: "Ẹ fi tọ́bò sí i!"
Ó ti pa fóònù kí n tó bi í pé owó ta.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọwọ́ mi fi kan díísìkì bíréèkì kan,
ó tutù, ó tẹ́ bí àwo,
ọdún 1979 sì dé bá mi ní ìsọ̀ Ọlánlókun.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó.
Bàbá mi tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lásán.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òrùlé ń sáré kọjá, páànù, páànù, páànù,
ó yí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn ẹni tó ń kọ́lé.
Yanrìn kún ẹnu wa. Ó rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ rẹ̀ lórí jíà ń gbọ̀n títí a fi délé.
Ó ní kí n má sọ fún ìyá mi. Mi ò sọ.
Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

"Èló ni ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"
Ọlánlókun wo ẹ́ńjìnnì, ó wò mí:
"Mi ò tíì rí ẹni tó ra dídúró ṣáájú eré."
Mo rà á. Mo ra sọ́ọ̀kì. Mo ra táyà tó gbòòrò.
Owó tán síbẹ̀.

Lásísì tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ríìngì,
kabúrétọ̀ padà sáyè rẹ̀.
Orí jíà tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi ti họ dán,
mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Lánàá, kí oòrùn tó yọ, a gbé e lọ sí Mápó.
Láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́.
Ó dúró.
Ewúrẹ́ kan sọdá níwájú wa, kò tilẹ̀ wojú wa.
Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́ bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.
"Ó ti mọ̀ ọ́n dúró," Lásísì ní. "Ó ku eré."
Mi ò dá a lóhùn. Mo ń wo ọwọ́ mi lórí jíà,
bóyá yóò gbọ̀n.